"Of the two brothers": ṣé "tallest" ni àbí "taller"? Ẹ bá mi dá sí i

Ìyá_Ìdòwú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹjọ́ ni mo gbé wá lálẹ́ yìí.

Ìdòwú mi wà ní JSS 2. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó mú iṣẹ́ àmúrelé Òyìnbó wálé. Ìbéèrè kẹrin lọ báyìí: "Of the two brothers, Kunle is the ______ (tall)." Ẹ̀fọ́ ni mò ń gé lọ́wọ́ nígbà tó bi mí, mo ní kó kọ "tallest". Ó kọ ọ́. Lónìí ìwé padà dé, tísà ti fi bírò pupa fa igi lé e, ó kọ "taller" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ wá ń wò mí bí ẹni tí mo ta ẹyin tó ti bàjẹ́ fún.

Mo rò ó títí. Ṣé kì í ṣe Kúnlé ló ga jù ni? Bí wọ́n jẹ́ méjì o, bí wọ́n jẹ́ ogún o, ẹni tó ga jù ló ga jù. Èmi náà ka ìwé mẹ́wàá jáde, n kì í ṣe púrúǹtù. Ta ló jàre nínú èmi àti tísà?

Dérẹ́bà_Mókọlá

Ìyá Ìdòwú, ẹ má jẹ́ kí bírò pupa já yín láyà. "Kunle tall pass him brother." Ó parí! Kò sí èrò tó wọ mọ́tò mi tí kò ní gbọ́ ọ 😂

TísàGírámà

Ẹ kú alẹ́ mà. Òyìnbó ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹjọ́ yìí kì í sì í ṣe tuntun létí mi. Ẹ má bínú, nínú ìdánwò, tísà ló jàre.

Òyìnbó máa ń ka orí kó tó fi nǹkan wé nǹkan. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, "the taller". Bí wọ́n bá di mẹ́ta sókè, "the tallest". Ẹni tó ṣe ìbéèrè yẹn mọ̀ọ́mọ̀ dẹ pàkúté ni: ó fi "the" síwájú àlàfo náà, ojú àwọn ọmọ á rí "the", ọwọ́ wọn á sáré kọ "-est". "Two" tó wà níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, wọn ò ní wò ó mọ́.

Àwa Yorùbá kì í ka orí níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo iṣẹ́ tí "jù" kan ṣoṣo ń ṣe fún wa:

Kúnlé ga ju Fẹ́mi lọ. (Òyìnbó á ní "taller than".)
Kúnlé ló ga jù nínú kíláàsì wọn. ("the tallest")
Kúnlé ti ga jù fún bẹ́ẹ̀dì yẹn. ("too tall")

Jù kan náà ló jẹ́ mẹ́ta nílẹ̀ wọn. Ọmọ tó bá ń ti inú Yorùbá bọ̀, oríta mẹ́ta ló máa ń dé, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé oríta ni. Ó rò pé ojú ọ̀nà tààrà ni.

Ìyá_Ìdòwú

Háà. Oríta lóòótọ́. Tísà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà tán o. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń ka orí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ lọ́jà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Èdè

Mà, ìbéèrè yín yẹn dára. Wọn kì í kà á nígbà gbogbo. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì ló máa ń pàdé lórí pápá, síbẹ̀ "may the best team win" ni wọ́n sábà ń sọ, "the better team" kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹsẹ̀ méjì péré ni Ọlọ́run fún ẹnikẹ́ni, "put your best foot forward" ni wọ́n ń wí. Nítorí náà, ohun tí ẹ sọ nídìí ẹ̀fọ́ yẹn, ọmọ London á sọ ọ́ láìwẹ̀yìn. Inú ìwé àti inú ìdánwò ni òfin méjì àti mẹ́ta ti le.

Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn Dérẹ́bà náà díẹ̀, nítorí àwàdà rẹ̀ ní gbòǹgbò. "Jù" tiwa, ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Kúnlé ga, gíga rẹ̀ wá kọjá ti Fẹ́mi, ó gba ibẹ̀ lọ. Ìyẹn ni "jù... lọ". Hausa ní "fi", "ya fi ni tsawo", ó jù mí ní gíga. Ìgbò ní "karịa". Nígbà tí àwọn baba wa wá ń sọ Pídíìnì, wọ́n kàn mú ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó túmọ̀ sí kọjá, ìyẹn "pass", wọ́n gbé e sórí àga tí "jù" ń jókòó sí. "Tall pass" kì í ṣe Òyìnbó tó bàjẹ́. Gírámà wa ló wọ aṣọ Òyìnbó.

Dérẹ́bà_Mókọlá

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n!

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Láti Àjàṣẹ́ ní Benin ni mo ti ń kọ̀wé, ìlú tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé. Ní Faransé, "plus" ni a ń fi síwájú, ó sì tán: plus grand, plus beau, plus intelligent. Bí ọ̀rọ̀ gùn, bí ó kúrú, "plus" náà ni. "Bon" ló ń ṣe agídí, ó ń di "meilleur".

Mo ń tajà fún àwọn oníbàárà láti Èkó. Mo sọ fún ọ̀kan pé "this one is more big", ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní "bigger" ni. Mo wá gbọ́n, mo sọ fún ẹnì kejì pé aṣọ yẹn "beautifuller". Èyí tó rín tirẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó ń gba "more" àti èyí tó ń gba "-er"?

TísàGírámà

Ọmọ Àjàṣẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ní kíláàsì ni pé mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ lu tábìlì. Pe ọ̀rọ̀ náà, kí o máa lu sílébù rẹ̀. "Big": ó dún lẹ́ẹ̀kan. "Beau-ti-ful": ó dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Èyí tó bá dún lẹ́ẹ̀kan ń gba "-er" àti "-est": tall, cheap, long, small. Èyí tó bá dún lẹ́ẹ̀mẹta sókè ń gba "more" àti "most": beautiful, expensive, difficult. Ẹlẹ́ẹ̀mejì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ó bá parí pẹ̀lú "y", ó ń ṣe bíi ti ẹlẹ́ẹ̀kan, "y" náà á sì di "i": happy, happier, heavy, heavier, easy, easier. Bí ó bá parí pẹ̀lú "-ful", "-less" tàbí "-ing", "more" ni, kò sí àríyànjiyàn: more careful, more useless, more boring. Àwọn kan wà láàárín tí ọ̀nà méjèèjì gbà wọ́n: clever, simple, quiet, narrow. "Cleverer" tọ̀nà, "more clever" náà tọ̀nà. "Tired" ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó kúrú lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n "more tired" ni wọ́n ń sọ.

"Unhappy" ń tú òfin yìí ká díẹ̀, ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ "unhappier" wà nínú ìwé. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ṣe "happier" tán kí wọ́n tó fi "un" dè é lórí.

Ní ti kíkọ sílẹ̀, "big" àti "hot" ń di "bigger" àti "hotter", lẹ́tà ìkẹyìn á di méjì. Bí ẹ bá kọ "hoter", ẹni tó ń kà á máa pè é bíi pé "hote" lẹ kọ. "Cheap" kò nílò ìyẹn, fáwẹ̀lì méjì ti wà níbẹ̀. "Slow" àti "new" náà kò nílò rẹ̀, a kì í sọ "w" di méjì.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Mo ti lu tábìlì débi pé ìyàwó mi bi mí bóyá ebi ń pa mí. Ẹ ṣé gan-an.

Àkànbí_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí "jù" yẹn ti kó mi sí wàhálà rí.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé London, yàrá kan ni mo gbà nílé ìyá àgbà Òyìnbó kan. Ó ṣe èèyàn. Ọjọ́ Sunday kan, ó bu ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó sè fún mi. Ó dùn! Mo fẹ́ yìn ín dáadáa, mo ní: "Mummy, this soup is too sweet." Ojú ìyá yìí fà ró. Ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó ní ṣúgà kankan ò sí níbẹ̀ o. Mo ní "No, no, it is too sweet!" Mo tún fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kó lè yé e. Ó rọra gbé abọ́ kúrò níwájú mi, ó lọ din ẹyin fún mi.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni "ó dùn jù". Tiwọn, "too" ni pé nǹkan ti kọjá ààlà, ó ti di àléébù. "Sweet" náà, ti ṣúgà ni lójú wọn. Ọ̀rọ̀ ìyìn méjì, àṣìṣe méjì. Ọdún keje rèé, mo ṣì ń rántí ẹyin yẹn.

Ìyá_Ìdòwú

😂😂 Àkànbí, ẹ pa mí! Mo kà á sókè fún àwọn ọmọ, Kẹ́hìndé ń yí nílẹ̀.

Tísà, mo ṣì ní ọ̀kan. "Good" ńkọ́? Kí ló dé tí kì í ṣe "gooder"? "More better" ńkọ́, tí gbogbo wa ń sọ?

TísàGírámà

Ẹ má sọ ọ́ mọ́ mà. "Better" ti ní "more" nínú tẹ́lẹ̀. Ẹni tó sọ "more better" ti wọ bàtà méjì lé ara wọn. Good, better, best. Bad, worse, worst. Little, less, least. Much àti many, more, most. Far, farther tàbí further. Wọn ò pọ̀, kí ọmọ kọ́ wọn sórí bíi tábìlì ìṣirò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Èdè

Ó tọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ibi tí "more better" ti ń wọlé sí wa lẹ́nu. Èrò tèmi rèé.

"Good" àti "better" kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìran méjì ni, wọ́n gbé ara wọn níyàwó láti ayé àtijọ́. Jámánì tó jẹ́ ìbátan Òyìnbó ní irú rẹ̀: gut, besser, best. Ẹ wá wo Yorùbá. A ń sọ pé nǹkan dára. Tó bá wá di pé a fẹ́ fi wé òmíràn, ẹnu wa sábà máa ń fi "dára" sílẹ̀, ó ń gba ọ̀dọ̀ "sàn" tàbí "yá" lọ. "Ikú yá ju ẹ̀sín." "Èyí sàn ju ìyẹn." Aláìsàn ní "ara mi ti sàn díẹ̀", gbogbo wa mọ̀ pé ó ń fi wé àná ni. Àfiwé ti wà nínú ikùn "sàn" kí "jù" tó dé. "Sàn", better. "Jù", more. Ẹ so wọ́n pọ̀ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀ nílé, kí ló máa jáde? "More better." Àwa kọ́ ni kò gbọ́n, àwa ń túmọ̀ ni.

Àkànbí_Peckham

Ẹ tún jẹ́ kí n bi Tísà léèrè. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ ṣí King James, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 26 ẹsẹ 5. Pọ́ọ̀lù ń rojọ́ níwájú Àgírípà, ó ní "after the most straitest sect of our religion". "Most" àti "-est" lórí ọ̀rọ̀ kan! Bàtà méjì! Ta ló máa fa igi pupa sí Bíbélì?

TísàGírámà

Alàgbà, ẹ fẹ́ lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? 😄

Ọdún 1611 ni Bíbélì yẹn jáde. Láyé ìgbà yẹn kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Shakespeare náà ṣe é: nínú Julius Caesar, nígbà tí Antony ń fi ojú ibi tí Brutus ti gún Caesar han àwọn èrò, "the most unkindest cut of all" ló sọ. Wọ́n ń fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ni, bí àwa ṣe ń sọ "gan-an gan-an". Ẹ̀yìn náà ni àwọn onígírámà jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni Robert Lowth, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù London. Ó tẹ ìwé gírámà jáde lọ́dún 1762, ó ní irú àfiwé oníméjì bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà. Òfin náà ni a ń jẹ títí dòní. Pọ́ọ̀lù kò ní jókòó ṣe WAEC, Ìdòwú ló máa ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́_Èdè

Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọn bàtà méjì kan sá mọ́ onígírámà lọ́wọ́. "Less" ti jẹ́ àfiwé, wọ́n tún fi "-er" sí i, ó di "lesser", kò sẹ́ni tó bá a wí mọ́. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "near". Láyé àtijọ́, "nigh" ni pé nǹkan súnmọ́, "near" ni pé ó súnmọ́ jù ú lọ, "next" ni èyí tó súnmọ́ jùlọ. Àwọn èèyàn gbàgbé, "near" di ọ̀rọ̀ lásán, wọ́n bá tún fi "-er" lé e: "nearer". Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá kọ orin "nearer" ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà méjì lẹ wọ̀, ẹ kàn ò mọ̀ ni.

Dérẹ́bà_Mókọlá

Èmi ní ìbéèrè gidi báyìí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi sọ níjọ́sí pé "I am senior than you" fún àbúrò rẹ̀, ọmọ kan tó ń gbé ládùúgbò wa ní "senior to" ni. Ìjà fẹ́ bẹ́. Èwo ni?

TísàGírámà

"Senior to." Ọmọ àdúgbò yín mọ̀wé. Senior, junior, superior, inferior, prior: láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti wá, àfiwé ni wọ́n sì jẹ́ láti ilé baba wọn. Nínú ìdánwò, wọn kì í gba "than", wọn kì í sì í gba "more". "Prefer" náà ń gba "to": mo fẹ́ràn iyán ju ẹ̀bà lọ, "I prefer pounded yam to eba." Ibí ni "jù" ti ń tì wá ṣubú jù, torí ibi gbogbo tí Yorùbá bá ti ní "jù", ọwọ́ wa ń wá "than". Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí Yorùbá ti ń gbà wá, mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé èdè wa ń ṣe wá ní ibi. Àwọn ọmọ máa ń kọ "The population of Lagos is larger than Ibadan." Àṣìṣe ni: iye èrò Èkó lẹ fi wé ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Kò sí Yorùbá tó máa sọ bẹ́ẹ̀. "Èrò Èkó pọ̀ ju ti Ìbàdàn lọ." Ẹ rí "ti" yẹn? Òun ni "that of". Bí ọmọ bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, tó sì túmọ̀ "ti", "larger than that of Ibadan", máàkì ti wọlé. Bákan náà ni "kò ga tó mi". Ẹ túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, "he is not as tall as I am", ó dára ju "less tall" tí àwọn kan ń fi agídí kọ lọ.

Àkànbí_Peckham

"Elder" àti "older" ńkọ́? Wọ́n ń dà mí láàmú.

TísàGírámà

"Elder", inú ẹbí ló sábà máa ń gbé, kì í sì í bá "than" rìn. "My elder brother." Ṣùgbọ́n "he is older than me". Ẹ má sọ "elder than me" láé.

Ìyá_Ìdòwú

Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lẹ́sẹ̀. Mo ka èyí fún Ìdòwú, mo ní kó fi àwọn ìbejì wa ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin ni Táíwò, ọkùnrin ni Kẹ́hìndé, fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀. Ó kọ "Kehinde is the elder of the twins." Mo ní ó gbà á, ó ka orí, méjì ni wọ́n. Ni Táíwò bá fò dìde, ó ní òun lòun kọ́kọ́ jáde, òun ni "elder"! Kẹ́hìndé ní ta ló rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò? Ariwo gba ilé.

Tísà, níbi báyìí, gírámà Òyìnbó ló jàre àbí àṣà wa?

TísàGírámà

Mà, gírámà ní "elder" ni kí wọ́n kọ, Ìdòwú kọ ọ́, mo fún un ní máàkì. Ẹni tó jẹ́ "elder" náà, ẹ dákun, ẹ má fi mí sí i. Ìyàwó mi, Táíwò ni.

Dérẹ́bà_Mókọlá

Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bá mi jiyàn.

Ìyá_Ìdòwú

Ẹ kú àná o. Mo padà wá jábọ̀. A ṣe gbogbo ìbéèrè yẹn látòkèdélẹ̀ lálẹ́ àná, ogún nínú ogún. Mo sì ti fọwọ́ sí ìwé tísà pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Nígbà tí mo fẹ́ pa iná, Ìdòwú dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní: "Mummy, am I the most beautiful of your daughters?"

Mo ní: "Ìdòwú, ọmọbìnrin mélòó ni mo bí?"

Ó ronú díẹ̀. Ó ní: "Two. Sorry ma. Am I the more beautiful?"

Àkànbí_Peckham

Kí lẹ wá dá a lóhùn?

Ìyá_Ìdòwú

Táíwò wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, kò tíì sùn. Mo pa iná.